John Snow: Dókítà tó fowó ara rẹ̀ tẹ ìwé lórí onígbáméjì, táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò kà á sí

Ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, ọdún 1858 ni Dókítà John Snow kú nílé rẹ̀ nílùú London. Ẹni ọdún 45 ni. Kò fẹ́yàwó, kò sì bímọ. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni The Lancet, ọ̀kan lára ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó lókìkí jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde ikú rẹ̀, ìlà díẹ̀ péré ló sì fún un. Wọ́n mẹ́nu ba iṣẹ́ rẹ̀ lórí oògùn tí wọ́n fi ń kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó parí síbẹ̀. Àrùn onígbáméjì, ìyẹn kọ́lẹ́rà, kò jẹ yọ nínú ìkéde náà rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí àrùn yìí ni ọkùnrin náà fi ọ̀pọ̀ nínú ọdún mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ṣe, owó àpò ara rẹ̀ ló sì ná lé e.

Ó di ọdún 2013, ọdún 155 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí The Lancet tó tẹ àtúnṣe jáde, tí wọ́n gbà pé ìkéde àkọ́kọ́ yẹn lábùkù. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ó ṣòro lónìí kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera ará ìlú, ì báà jẹ́ n'Íbàdàn tàbí ní Boston, lo ọdún àkọ́kọ́ tán kó má gbọ́ orúkọ John Snow. Ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti di ìwé tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí káàkiri ayé. Ọ̀nà tó gba ibẹ̀ jìn gan-an.

Kì í ṣe ọmọ olówó. Ìlú York ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 1813, ní àdúgbò àwọn tálákà kan létí odò Ouse. Alágbàṣe ni bàbá rẹ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án ni bàbá àti ìyá bí, John sì ni àkọ́bí. Nígbà tó di ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn kan tó ń jẹ́ William Hardcastle ní Newcastle, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú nínú ilẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fojú rí onígbáméjì. Ìparí ọdún 1831 ni àrùn náà kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti èbúté Sunderland, kò sì pẹ́ tó fi dé Newcastle. Wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, tí kò tíì pé ogún ọdún, lọ sí ibùdó ìwakùsà Killingworth pé kó lọ tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́. Kò sí oògùn ìgbà náà tó ran àrùn yẹn. Ẹni tó bá mú, á máa bì, á máa yàgbẹ́ olómi, ara rẹ̀ á gbẹ, nígbà mìíràn kò ní í rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn awakùsà máa ń gbé oúnjẹ wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, kò sí omi ìfọwọ́, inú òkùnkùn yẹn náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ọ̀rọ̀ àwọn awakùsà àti ọwọ́ àìfọ̀ wọn wà nínú ìwé tó kọ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Jẹ́jẹ́ ni Snow, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í ṣe fàájì. Ọmọ ọdún 17 ló wà tó ti jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ, ó sì tún wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wàásù pé káwọn èèyàn má mutí. Ní ọdún 1836, ó fẹsẹ̀ rìn láti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí London láti lọ kàwé ìṣègùn. Kò tiẹ̀ gba ọ̀nà tó yá, ó yà gba Liverpool àti ilẹ̀ Wales kọjá. Ní 1838 ó gbàwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ, ó sì di dókítà pátápátá ní yunifásítì London ní ọdún 1844.

Àtìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ ló ti ń kọ̀wé. Nígbà náà, arsẹ́níìkì ni wọ́n fi ń pa òkú mọ́ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ṣẹ́. Snow rí i pé oró náà ń ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi, ó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí The Lancet ní 1838. Ó tún máa ń kọ lẹ́tà láti fi tọ́ka sí àṣìṣe inú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Èyí ni Thomas Wakley, tó dá The Lancet sílẹ̀ tó sì ń ṣe olóòtú rẹ̀, ò fẹ́. Ó dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn náà pé kó lọ ṣe nǹkan tirẹ̀ jáde dípò kó máa ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ oníṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn á ta ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tó yá, ìwé ìròyìn mìíràn, London Medical Gazette, ló wá ń gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Oògùn oorun ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ìparí ọdún 1846 ni ìròyìn ti Amẹ́ríkà dé pé wọ́n ti ń fi ether kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó fọ̀bẹ kàn án. Àwọn dókítà London sáré bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ṣùgbọ́n àìmọ bó ṣe yẹ kó pọ̀ tó ń kó wọn sí wàhálà. Aláìsàn kan ò ní í sùn, òmíràn á sùn jù. Snow jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, ó wo bí ooru àti òtútù ṣe ń pinnu ìwọ̀n oògùn tó ń bá afẹ́fẹ́ wọlé, ó ṣe ẹ̀rọ kan tó ń díwọ̀n rẹ̀, ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1847. Káàkiri ilé ìwòsàn London ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ń rọbí ní ọdún 1853, Snow ni wọ́n pè kó wá fún un ní chloroform. Ó tún padà lọ ní 1857.

Nítorí náà, ẹ má rò pé ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni. Ẹni tí ọbabìnrin gbẹ́mìí lé lọ́wọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí oògùn oorun, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á, wọ́n sì lò ó. Ti onígbáméjì nìkan ni wọn ò fẹ́ gbọ́.

Ìdí ni pé gbogbo àwọn àgbà iṣẹ́ ló ti gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fa àrùn náà. London rùn nígbà náà, ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ń ṣàn wọ odò Thames, ó sì jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu kéèyàn sọ pé òórùn yẹn ló ń pa wọ́n. Iṣẹ́ oògùn oorun tí Snow ń ṣe ni kò jẹ́ kó gbà. Ẹni tó ń fojoojúmọ́ díwọ̀n ohun téèyàn ń fà símú mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Tó bá jẹ́ pé imú ni onígbáméjì ń gbà wọlé, kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú ikùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀? Ó ní ẹnu ló ń gbà wọlé, pé ìgbẹ́ aláìsàn ló ń wọ omi mímu tàbí oúnjẹ ẹlòmíràn, àti pé ohun tó ń fà á ń bí sí i nínú ikùn.

Oṣù kẹjọ ọdún 1849 ló tẹ èyí jáde, ìwé pélébé olójú ewé 31, owó ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún yẹn nìkan, onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 14,000 ní London. Ẹni tó ṣàgbéyẹ̀wò ìwé náà nínú London Medical Gazette yìn ín pé ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rí kò tó. Ó wá sọ irú ẹ̀rí tó lè yanjú ọ̀rọ̀: kí wọ́n gbé omi náà lọ síbi tó jìnnà, níbi tí àrùn yẹn ò tíì dé, kí àwọn tó bá mu ún níbẹ̀ kó àrùn, kí àwọn tí kò mu ún má kó o. Ta ló fẹ́ ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lára ọmọ èèyàn? Ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

Nígbà tí àrùn náà padà wá ní 1853 sí 1854, Snow rí ohun kan ní apá gúúsù London. Ilé iṣẹ́ omi méjì ló ń ta omi fún àdúgbò kan náà. Páìpù wọn jọ ń gba òpópónà kan náà ni, ilé yìí lè máa ra ti ọ̀kan kí ilé kejì máa ra ti èkejì, olówó àti tálákà sì wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan, Lambeth, ti gbé ibi tó ti ń fa omi lọ sókè odò ní 1852, níbi tí ìdọ̀tí ìlú ò tíì dé. Èkejì, Southwark and Vauxhall, ṣì ń fa tirẹ̀ láàárín ẹ̀gbin. Snow rí i pé àyẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ti ṣe ara rẹ̀, lórí èèyàn tó lé ní 300,000.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ilé tí onígbáméjì bá ti pààyàn, á kanlẹ̀kùn, á béèrè pé ta ló ń ta omi fún yín. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀, torí onílé ló ń sanwó omi. Àwọn míì á ní àwọn ò rí ìwé owó náà rí. Ó wá dọ́gbọ́n sí i. Omi Southwark and Vauxhall níyọ̀ púpọ̀ ju ti Lambeth lọ, ó bu omi ilé kọ̀ọ̀kan sínú ìgò kékeré, ó da èròjà tó ń fi iyọ̀ hàn sí i, ibẹ̀ ló ti ń mọ ẹni tó ni ín. Ohun tó rí rèé fún ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́ àjàkálẹ̀ náà: nínú ilé 10,000 tó ń lo omi Southwark and Vauxhall, èèyàn 315 ló kú. Nínú ilé 10,000 tó ń lo ti Lambeth, èèyàn 37 ni. Títí dòní, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ń fi tábìlì kékeré yìí kọ́ àwọn ọmọ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ìsọ̀rí èèyàn méjì wéra.

Iṣẹ́ yìí ló wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Broad Street, ládùúgbò Soho tí kò jìnnà sílé rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1854 ló bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn tó ti kú níbi tí kò fẹ̀ rárá lé ní 500. Gbogbo rẹ̀ wá di 616. Ẹni tó lè sá ti sá lọ.

Pọ́ǹpù kan wà lójú pópó níbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pọnmi nídìí rẹ̀. Snow lọ gba orúkọ òkú 83 lọ́fíìsì ìjọba, ó sì yẹ ibùgbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́wàá péré ni ilé wọn sún mọ́ pọ́ǹpù mìíràn ju ti Broad Street lọ. Nínú àwọn mẹ́wàá yìí, ẹbí àwọn márùn-ún ní omi Broad Street làwọn máa ń lọ pọn torí òun làwọn fẹ́ràn. Àwọn mẹ́ta míì jẹ́ ọmọdé tó ń gba ibẹ̀ lọ sílé ìwé. Ó tún wo àwọn tí kò kú. Ilé ìtọ́jú àwọn aláìní kan wà nítòsí tí èèyàn 535 ń gbé. Márùn-ún péré ló kú níbẹ̀. Wọ́n ní kànga tiwọn. Ilé iṣẹ́ ọtí bíà wà lójú Broad Street gan-an, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lé ní 70, kò séyìí tí onígbáméjì pa. Ọtí tí wọ́n ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń mu! Ẹni tó wàásù pé káwọn èèyàn má mutí ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí sílẹ̀, kò fi pa mọ́.

Ìyá àgbà kan, opó, ló wá yanjú ọ̀rọ̀ tí aṣàgbéyẹ̀wò sọ ní 1849. Ìyá náà ti gbé Broad Street rí, ó ti kó lọ sí Hampstead tó jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n adùn omi pọ́ǹpù yẹn ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń lọ sí Hampstead lójoojúmọ́ ló ń bá a gbé ìgò omi náà wá. Wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ 31, oṣù kẹjọ. Ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, ìyá ti kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan tó wá kí i mu nínú omi náà, ó padà sílé rẹ̀ ní Islington, òun náà kú. Kò sí onígbáméjì ní Hampstead níbẹ̀, kò sí ní àdúgbò ọmọbìnrin náà n'Islington. Omi ti rìnrìn àjò lọ síbi tó jìnnà, àwọn tó mu ún sì kú.

Ọjọ́ 7, oṣù kẹsàn-án, Snow lọ bá ìgbìmọ̀ àdúgbò náà. Kò dá wọn lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n yọ ọwọ́ pọ́ǹpù náà lọ́jọ́ kejì. Ibí yìí ni ìtàn sábà máa ń bù kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé Snow ya máàpù, ó rí ibi tí òkú pọ̀ sí, ó fa ọwọ́ pọ́ǹpù yọ, àrùn dáwọ́ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti yọ ọwọ́ pọ́ǹpù ni máàpù tó gbajúmọ̀ yẹn tó jáde, káwọn tó ń ka ìwé lè rí i kedere. Snow fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ ti sá nílùú, àti pé òun ò lè sọ bóyá yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ ló paná rẹ̀. Ẹni tó lè ṣe irú ìjẹ́wọ́ yìí nínú ìwé tó fi ń jà fún èrò tirẹ̀, ó yẹ kéèyàn gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Wọn ò gbọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1855 ló kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ẹ̀dà kejì ìwé náà, ó lé ní ojú ewé 160, pẹ̀lú máàpù àti tábìlì. Ó ná an ní ohun tó lé ní 200 pọ́n-ùn. Owó tó padà wọlé látinú títà rẹ̀ kò tó 200 ṣílè. Àwọn àgbà tó ná pọ́n-ùn àti ṣílè kí náírà tó dé ní 1973 mọ̀ pé ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ìyẹn ni pé nínú ogún tó ná, ọ̀kan ò padà. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ìlera wo ọ̀rọ̀ Broad Street náà, wọ́n sì kọ̀wé pé àwọn ò rídìí tó fi yẹ káwọn gba èrò yìí.

Lọ́dún yẹn kan náà, ó tún ṣe ohun tó bí wọn nínú sí i. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fẹ́ ṣòfin lórí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rùn, àwọn tó ń se egungun àtàwọn tó ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ. Snow lọ jẹ́rìí pé òórùn wọn kọ́ ló ń fa onígbáméjì. Wakley gbé e gbóná fún un nínú The Lancet, ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lẹ́rìí, pé ńṣe ló fi èrò kan ṣoṣo ṣe ẹṣin gùn bọ́ sínú kòtò ìdọ̀tí. Ká sòótọ́, ìbínú wọn ò ṣàìnídìí. Àwọn tó ń jà kí ìlú mọ́ tónítóní rí i bí ẹni tó lọ gbèjà àwọn tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Òótọ́ tó sọ lórí onígbáméjì bá a dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tí kò yẹ kó bá ṣọ̀rẹ́, ìyẹn sì dín àwọn tó máa kà á kù.

Ẹnì kan kà á ṣáá. Henry Whitehead, àlùfáà ọ̀dọ́ ní ìjọ kan ní Soho, mọ àwọn tó kú ní Broad Street lórúkọ. Kò gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kó lè fi hàn pé irọ́ ni. Ó ń lọ sílé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Bó ṣe ń wádìí tó ni ẹ̀rí ń gbè sẹ́yìn Snow. Òun ló wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ọmọ ọwọ́ kan nílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù ń yàgbẹ́ gbuuru kí àrùn náà tó tàn, ìyá rẹ̀ sì ń da omi aṣọ ìlédìí rẹ̀ sínú kòtò ìdọ̀tí abẹ́ ilé. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ wò, kòtò náà ń jò, kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ sí kànga. Whitehead yí èrò padà, òun àti Snow sì di ọ̀rẹ́.

Snow ò gbé ayé rí èyí tó kù. Ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 1858, ó ń kọ ìwé ńlá tó fẹ́ tẹ̀ lórí chloroform lọ́wọ́ ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a gúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ló kú. Benjamin Ward Richardson, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló bá a tẹ ìwé náà jáde, ó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ síwájú rẹ̀. Itẹ́ òkú Brompton ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn gan-an, odò Thames rùn débi pé àwọn aṣòfin ò lè jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn létí odò. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n buwọ́ lu owó fún Joseph Bazalgette láti gbẹ́ ọ̀nà ìdọ̀tí ńlá ńlá sábẹ́ London. Torí òórùn ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ, kì í ṣe torí ìwé Snow. Iṣẹ́ náà sì kó ìgbẹ́ kúrò nínú omi mímu bákan náà.

Ibi tí iṣẹ́ náà ò tíì dé ni apá ìlà-oòrùn ìlú, ibẹ̀ ni onígbáméjì sì padà bọ́ sí ní 1866. Àwọn tó kú lé ní 5,000. Ọkùnrin tó ń ka òǹkà ikú fún ìjọba ni William Farr. Òun ló ń fún Snow ní orúkọ àwọn òkú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà wà nínú ìgbìmọ̀ tó kọ èrò Snow sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó kọ́kọ́ wò ni ilé iṣẹ́ omi tó ń ta omi fún àwọn tó ń kú. Ó já sí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, East London Water Company, tó tú omi tí kò sẹ́ fáráàlú. Farr kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀, ó sì fún Snow ní iyì tó tọ́ sí i. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìtọ́ka tó wúwo jù wá látọwọ́ ẹni tó ti takò ó. Onígbáméjì kò tún jà ní London bẹ́ẹ̀ mọ́.

Snow nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ọdún 1854 kan náà ni Filippo Pacini ti Florence, nílẹ̀ Ítálì, fi maikirosíkópù rí kòkòrò onígbáméjì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Robert Koch, ará Jámánì, tún un rí ní 1883 sí 1884, òun ni òkìkí kàn.

Ẹni tó wá gbé Snow padà síta ni Wade Hampton Frost, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ní yunifásítì Johns Hopkins l'Amẹ́ríkà. Ní 1936, wọ́n tún ìwé Snow tẹ̀ ní New York, Frost sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ àwọn olùkọ́ ló bọ́ sí, láti ọwọ́ wọn ló sì dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé tí wọn kò rà ní 1855 wá di ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni. Nígbà tí Eugene Garfield bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àkọsílẹ̀ ẹni tó tọ́ka sí ẹni jáde ní 1964, Snow ti wọ inú ìwé tó pọ̀. Lónìí tó jẹ́ pé iye ìtọ́ka ni wọ́n fi ń wọn olùkọ́ yunifásítì kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, tí Google Scholar ń kà á lójoojúmọ́, ìwé pélébé ọdún 1849 àti ẹ̀dà kejì rẹ̀ ṣì wà lára ohun táwọn èèyàn ń kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ iṣẹ́ tiwọn. Bí wọ́n bá ti fi irú òṣùwọ̀n yìí wọn Snow lọ́dún tó kú, ti oògùn oorun nìkan ni wọn ì bá rí kà.

Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, omi àti ohun mímu tí wọ́n ń tà káàkiri ìgboro wà lára ohun táwọn òṣìṣẹ́ ìlera bù lọ fún àyẹ̀wò. Kí lẹ mu, níbo lẹ ti rí i: ìbéèrè tí Snow ń bi wọn lẹ́nu ọ̀nà ní 1854 nìyẹn.

Broadwick Street ni wọ́n ń pe Broad Street báyìí. Ilé ọtí kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ John Snow. Ẹni tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láìfẹnu kan ọtí, ilé ọtí ni wọ́n fi sọrí rẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni wọ́n ri irú pọ́ǹpù àtijọ́ yẹn mọ́lẹ̀ sí, wọn ò sì fi ọwọ́ sí i. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń pe onímọ̀ kan wá sọ̀rọ̀ ní London lórí ìlera ará ìlú, tí ìpàdé bá sì ti ń lọ, wọ́n á yọ ọwọ́ pọ́ǹpù kan kúrò níṣojú gbogbo èèyàn, wọ́n á tún dá a padà.